Irin nínú Tàdáwà, Ooru lára Bébà: Lámèyítọ́ lórí Àwòrán Steampunk ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Steampunk ni orúkọ tí a ń pe ẹ̀yà ìtàn àròsọ àti àwòrán kan tí ó gbé ayé rẹ̀ ka orí ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń yí, irú èyí tí ó gbòde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí irú rẹ̀ kò ṣe rí: ọkọ̀ òfurufú tí a fi pákó kàn, apá irin tí ń dá gbé nǹkan, àti ẹ̀rọ tí ń fi kẹ̀kẹ́ eléyín ṣe ìṣirò. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, K. W. Jeter, ni ó dá orúkọ náà sílẹ̀ ní 1987, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán tí ẹ̀yà náà ń mu nínú omi rẹ̀ ti wà tipẹ́ ṣáájú, pàápàá àwọn àwòrán onílà dúdú tí Édouard Riou àti Alphonse de Neuville yà sínú ìwé Jules Verne ní ilẹ̀ Faransé. Ayàwòrán tí ó bá ń fi tàdáwà àti ọ̀dà olómi dá ẹ̀dá-ìtàn irú ayé yìí sílẹ̀, tí ó sì ń tò wọ́n sínú kọ́míìkì, èyíinì ni ìtàn tí àpótí àwòrán tí ó tẹ̀lé ara wọn ń sọ, kò wulẹ̀ ń ṣeré. Ó ń tún ìtàn bí ẹ̀rọ ṣe dé ayé sọ ni.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ bi ayàwòrán tí ó bá fi Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí àwọn ìlú etí ọ̀sà tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ṣe ibùdó ìtàn rẹ̀ ni bí ẹ̀rọ ṣe dé ibẹ̀. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní láti yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará London, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó tó yà pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di iṣẹ́ gidi ni kí àwòrán náà fi ẹni tí ó rọ ẹ̀rọ hàn, kí ó sì fi ẹni tí ń ru ẹrù rẹ̀ hàn pẹ̀lú.

Bí ẹ̀rọ ṣe dé Ìjẹ̀bú

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé steampunk, ìyanu ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ jẹ́ lójú àwọn ènìyàn. Ní Ìjẹ̀bú, ogun ni. Ní oṣù Èbìbí 1892, nítorí pé àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ jọ̀wọ́ ọ̀nà òwò tí ó já láti Èkó sí ìlú òkè fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ogun tí Ọ̀gágun Francis Scott kó lẹ́yìn gba ojú ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fi ìbọn Maxim, ìbọn tí ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, borí àwọn ará ìlú ní Ìmàgbọn ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ojú irin ní Èkó ní 1896, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n darí rẹ̀ sí, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Àwọn tí ìbọn ẹ̀rọ yìn lù kò rí ọkọ̀ ojú irin kí ó fọn fèrè gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan wà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà ogun yẹn. Àìná Onábólú, tí wọ́n bí ní 1882, tí ó sì di aṣáájú àwọn ayàwòrán ìgbàlódé ní Nàìjíríà, kò ní olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn tí ó ti òkè òkun wá ni ó ń wò kọ, kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London àti Paris lẹ́yìn tí ó ti dàgbà. Àwòrán onílà dúdú ni ó gbòde nínú ìwé ayé ìgbà náà, ilà wẹ́wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi irin gbẹ́ sórí igi tàbí bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ilà yìí kan náà sì ni àwọn ayàwòrán steampunk òde òní ń ṣàfarawé. Nítorí náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá gbé gègé lónìí láti fi ilà bẹ́ẹ̀ ya ẹ̀rọ kò tọrọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé ará ilé rẹ̀ ti fi ilà náà kọ́wọ́ nígbà tí ó ṣì gbòde. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ète. Onábólú lò ó láti fi hàn pé ọmọ aláwọ̀ dúdú lè ya ojú ènìyàn bí ó ti rí gan-an. Ẹni òde òní ń lò ó láti ya ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ì bá ṣẹlẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni Akinọlá Láṣẹ́kan ọmọ Ọ̀wọ̀ wà, ẹni tí ó fi tàdáwà ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ olóṣèlú sínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940, tí ó sì fi yé àwọn òǹkàwé pé ilà dúdú díẹ̀ lè bá aláṣẹ wíjọ́.

Iṣẹ́ tàdáwà, iṣẹ́ omi

Ìpele mẹ́ta ni yíya irú àwòrán yìí pín sí. Pẹ́ńsù ni yóò kọ́kọ́ sọ èrò ayàwòrán ní ohùn jẹ́jẹ́. Tàdáwà yóò tẹ̀lé e láti fìdí ilà múlẹ̀. Ọ̀dà tí a fi omi púpọ̀ pò ni yóò gbẹ̀yìn. Tàdáwà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í yọ́ mọ́ bí ó bá ti gbẹ, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ti gègé ìkọ̀wé lásán, omi yóò tú u, irin tí ayàwòrán ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí rọ yóò sì di ẹrẹ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́míìkì Nàìjíríà òde òní ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yà, níbi tí àṣìṣe ti ṣeé pa rẹ́ láìfi àpá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilà tàdáwà jọ iṣẹ́ olóólà ayé àtijọ́, ẹni tí abẹ rẹ̀ kò ní àtúnṣe bí ó bá ti kan ojú ọmọ, tí ó fi jẹ́ pé ìgboyà ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìlú yóò máa rí títí ayé. Ẹni tí ó bá fi tàdáwà ya ọ̀pá irin, ìṣó àti ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti í mọ̀ ọ́n kí irin tó tutù.

Ọ̀dà olómi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí ọ̀dà olóròóró ni pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá dé ara bébà kí ó tó padà sójú ẹni tí ń wò ó. Nítorí èyí, ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ kì í sábà fi ọ̀dà funfun kun ibi tí ó bá fẹ́ kí ó funfun, ńṣe ni yóò fi ara bébà sílẹ̀ níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú èyí fún àwòrán steampunk, nítorí pé ooru tí ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tí í ṣe ẹ̀mí ẹ̀yà náà, di ohun tí ẹnikẹ́ni kò yà. Irin ni ibi tí ọwọ́ ti ṣiṣẹ́. Ooru ni ibi tí ọwọ́ ti dúró. Ojú ọjọ́ pàápàá ń bá ayàwòrán dá sí i: ní etí ọ̀sà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́rinrin, ọ̀dà máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, àwọ̀ kan a sì máa wọ inú èkejì láìsí ààlà, èyí tí ó dára fún èéfín àti kùrukùru, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, omi a gbẹ kíákíá, etí àwọ̀ a sì le bí etí páànù.

Àwọ̀ gan-an tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ kọfí àti ti awọ ẹran ni ó gbilẹ̀ nínú steampunk àwọn òyìnbó, bí ẹni pé gbogbo ayé ìgbà náà jẹ́ fọ́tò tí ó ti gbó. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá pín àwọ̀ sí mẹ́ta pàtàkì, funfun, pupa àti dúdú, ìpín yìí sì bá ẹ̀rọ mu ju ti kọfí lọ. Idẹ, iná àti irin tí ó ti dógùn-ún bọ́ sábẹ́ pupa. Tàdáwà, aró àti ewé igbó kìjikìji bọ́ sábẹ́ dúdú. Ooru àti bébà ni funfun. Ayàwòrán tí ó bá fi igbó Ọmọ, igbó ọba ńlá tí ó wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣe ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ lè jẹ́ kí dúdú igbó àti dúdú tàdáwà dọ́gba, kí pupa ẹ̀rọ sì yọ láàárín wọn bí ojú iná.

Agbégilódò

Bí a bá ń wá ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn, Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí a mọ̀ mọ́ igi gẹdú, ilé ìlagi àti obì, ti sọ ọ́ lórúkọ. Agbégilódò ni a ń pe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ń kó ìtì igi láti inú igbó, igi àti odò sì wà nínú orúkọ náà kalẹ̀, nítorí pé omi ni ọ̀pọ̀ igi ń gbà lọ sí Èkó láyé àtijọ́. Ọkọ̀ tí ó ti dàgbà ni púpọ̀ nínú wọn: a rí èyí tí kò ní ilẹ̀kùn, a rí èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ìdérí, tí pákó gba ipò páànù nínú yàrá awakọ̀, tí ẹ̀wọ̀n irin nìkan sì di ìtì ìrókò, arère tàbí ọ̀gánwó mú lẹ́yìn rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nínú steampunk ni pé kí ẹ̀rọ fi ìfun rẹ̀ hàn, kí ojú rí ohun tí ń yí ohun. Agbégilódò ti ń pa òfin yìí mọ́ láìmọ̀.

Ayàwòrán tí kò jinlẹ̀ yóò fi ẹnu èéfín kan sórí rẹ̀, yóò lẹ kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Èyí tí ó jinlẹ̀ yóò bèèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ní ìlú tí ìyẹ̀fun pákó ti ń ga bí òkìtì lẹ́yìn ilé ìlagi, tí ẹ̀là igi tí kò wúlò sì pọ̀ nílẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fi igi se omi kò ní jẹ́ àlá òfìfo, nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ ti wà níwájú ilé. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn yóò ti máa jáde fúnra wọn: alágbẹ̀dẹ tí ó mọ ibi tí ìkòkò ooru ti fẹ́ là, ìyá olóbì tí ó fi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ há àárín ìtì igi, àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó di ègé igi kan mú, kí ó sì bẹ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn lórí òkè, kí ó fi igi náà há táyà. Nínú àpótí àwòrán kan ṣoṣo, a lè rí i: ọkọ̀ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyè, ilà tàdáwà nípọn lára rẹ̀, ọmọ náà kéré ní ìsàlẹ̀, ilà rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti í gbẹ́ ẹ nítorí pé orí ni ó ń gbé ẹni, ooru funfun sì bo àárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ti gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ọmọ tí ó di igi mú lọ́wọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a nílò nínú àpótí náà.

Àṣà Yorùbá ti mọ àwòrán yìí rí. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí àwọn ará Kétu àti Yewa fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá, tí àjọ UNESCO sì kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ ọkọ̀ òfurufú, kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ sórí ère tí oníjó ń gbé. Ẹ̀rọ wà lókè, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ni ó ń gbé e jó.

Ìlò idẹ àti àléébù rẹ̀

Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ jùlọ nínú steampunk. Ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ idẹ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Edan, ère akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀, tí àwọn asúdẹ fi ìda ṣe àwòkọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sípò rẹ̀, jẹ́ ohun ìdánimọ̀ Òṣùgbó, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Ògbóni níbòmíràn, tí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ láyé àtijọ́. Kọ́míìkì tí ó bá fi edan kọ́ ọrùn ẹ̀dá-ìtàn nítorí pé ó wuyì nìkan ti sọ àṣẹ di bọ́tìnnì. Èyí tí ó bá lò ó láti fi hàn pé àwọn àgbà ìlú ni yóò dájọ́ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ pa ènìyàn, ti jẹ́ kí idẹ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ìṣòro bí a ṣe ń mú àṣà ẹni wọ inú ìtàn ẹ̀rọ láìsọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ lásán. Milton Davis àti Balogun Ojetade kó ìtàn jọ sínú ìwé Steamfunk! ní 2013, láti fi àyè gba ẹni tí ìtàn ẹ̀rọ òyìnbó máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí P. Djèlí Clark, nínú The Black God's Drums tí ó jáde ní 2018, mú Ọya àti Ọ̀ṣun wọ inú New Orleans tí ó kún fún ọkọ̀ òfurufú, tí ó sì fi àrá Ṣàngó ṣe ohun ìjà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Agbára ìwé Clark ni pé òrìṣà inú rẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Wọ́n ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gùn.

Bébà tí a ń yàwòrán sí pàápàá ní ìtàn tirẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní Ìwópin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ bébà ńlá kan sílẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí orílẹ̀-èdè yìí fẹ́ gbára lé nígbà náà pẹ̀lú ti Jẹ́bà àti Òkù-Ìbokù, wọ́n sì gbin igi mẹ̀láínà sínú igbó Ọmọ kí ó lè máa bọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ náà kò mú èrò tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ṣẹ, bébà tí ó nípọn tó láti gba ọ̀dà olómi sì ṣì ń ti òkè òkun wá. Ohun méjì ni ilẹ̀ yìí tipa bẹ́ẹ̀ fi lé ayàwòrán lọ́wọ́: ojú irin tí kò gba Ìjẹ̀bú kọjá, àti bébà tí Ìwópin kò ṣe tó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ibi tí a kò fọwọ́ kàn lórí bébà ni ooru ń gbé yóò mọ ohun tí a lè fi àyè òfìfo bẹ́ẹ̀ ṣe, bí ó bá ṣáà ti fi tàdáwà ya ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú igi lọ́wọ́.