Mary Tudor àti Àlàjẹ́ tí Kò Kú: Àgbéyẹ̀wò Ìwé John Foxe àti Orúkọ Ọbabìnrin Kan

Ìfáárà

Láàárín Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni orúkọ àbísọ, ọ̀tọ̀ ni àlàjẹ́. Òbí ní í sọ ọmọ lórúkọ; ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá ní í fún un ní àlàjẹ́, èyí sì lè bo orúkọ gidi mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Mary Kìíní, tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1553 sí 1558. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àlàjẹ́ tí a lè túmọ̀ sí “Mary Afẹ̀jẹ̀wẹ̀” gbilẹ̀. Lára Ògún, oríkì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lára Mary, ẹ̀sùn ni. Orúkọ yìí náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Bírítéènì ń bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ ìtàn.

Agbára ìwé Foxe

Ìwé tó fi ìdí èrò yìí múlẹ̀ jù lọ ni Acts and Monuments, tí John Foxe tẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1563. Ní 1571, àwọn aṣáájú ìjọ pàṣẹ pé kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní àwọn kàtídírà. Foxe kó lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ jọ. Ó fún ahunṣọ àti tálákà ní ohùn. Àwòrán sì jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀wé kà rí iná náà. Iná ọ̀hún kì í ṣe àlọ́. Láti oṣù Kejì 1555 títí di 1558, nǹkan bí 280 ènìyàn ni a dáná sun nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Kò sí àtúnyẹ̀wò tó lè wẹ ọwọ́ Mary mọ́ nínú èyí.

Ohun tí àlàjẹ́ bò mọ́lẹ̀

Síbẹ̀, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ọdún 17 ni Mary nígbà tí wọ́n gba ipò ọmọ ọba lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó fojú kan ìyá rẹ̀ kí ìyẹn tó kú ní 1536. Ní 1553, wọ́n fi Jane Grey jọba lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó ènìyàn jọ ní Framlingham, ó sì gba adé láìja ogun. Òfin 1554 tó sọ pé agbára ọbabìnrin kò kéré sí ti ọba ọkùnrin wá láti ìgbà rẹ̀. Elizabeth, àbúrò rẹ̀, ló jàǹfààní rẹ̀.

Òṣùwọ̀n méjì ni ìtàn lò fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Àríwá ní 1569, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ìjọba Elizabeth so kọ́, síbẹ̀ àlàjẹ́ ẹ̀jẹ̀ kò mọ́ ọn lára. Foxe fúnra rẹ̀ ṣe òdodo ju ọ̀pọ̀ òǹkàwé rẹ̀ lọ: ní 1575, ó kọ̀wé sí Elizabeth pé kó má dáná sun àwọn ará Flanders tí wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Wọ́n sì sun méjì nínú wọn.

Ìgúnlẹ̀

Ní Westminster, ibojì kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà, ṣùgbọ́n ère Elizabeth nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó yẹ kí a máa ka Foxe nítorí àwọn tó kú. Ẹ̀rí ni ìwé rẹ̀ jẹ́. Àlàjẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi ṣe ìdájọ́ yóò rí iná Mary, kò ní rí èyí tí àwọn mìíràn dá.