Ẹ̀rọ Ògbufọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Èṣù

Ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa ní Chestermere níbí kì í sinmi lórí ìdíje Google àti Microsoft. Google ló ṣáájú: oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni ó fi Yorùbá sínú ẹ̀rọ ògbufọ̀ rẹ̀, ó di ọdún 2023 kí Microsoft tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ògbufọ̀ ọ̀hún ń sọ?

Tí ẹ bá kọ Èṣù sí ti Google nígbà náà, olórí ẹ̀mí burúkú inú Bíbélì ni yóò fi túmọ̀ rẹ̀. Àwọn onísẹ̀ṣe fi ẹ̀hónú hàn. Kọ́lá Túbọ̀sún náà, nígbà tí ó ń bá Google ṣiṣẹ́, sapá láti tún un ṣe. (Onígbàgbọ́ ni èmi tí mò ń wí yìí o.) Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ ni orúkọ Èṣù ti di ti ẹni ibi, ohun tí ẹ̀rọ bá sì kà ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Calgary kò ní ìyá àgbà nítòsí tí yóò sọ fún un pé Èṣù ni onílé oríta, òjíṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ohun tí fóònù bá wí ni yóò gbà. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba àwọn tí wọ́n gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá síṣẹ́, tó sì ń sanwó gidi fún wọn, ni tèmi.