Jabba Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì: Àárò Ìgbà Àtijọ́ àti Ìwé Alàwòrán Star Wars ti Marvel, 1977–1986

Bí àwọn olólùfẹ́ Star Wars bá ń sọ àárò ìwé alàwòrán tí ilé-iṣẹ́ Marvel gbé jáde láàárín ọdún 1977 sí 1986, ẹ̀rín ni wọ́n sábà máa ń fi ṣáájú. Wọn a mẹ́nu ba Jaxxon, ehoro aláwọ̀ ewé tó ń fi ìbọn jà. Wọn a mẹ́nu ba Jabba, tí ayàwòrán fún ní ẹsẹ̀ méjì àti ojú ẹranko onírungbọ̀n, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n bí ìgbín ńlá tí kò ní ìkarahun. Ìfẹ́ wà nínú ẹ̀rín yìí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí à ń ní sí ọmọdé tó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè ni. Èrò tiwa ni pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ iyì ohun tó dì mú.

Ẹ jẹ́ kí a wo àsìkò. Ẹ̀dà kìn-ín-ní, tí Roy Thomas kọ tí Howard Chaykin sì yàwòrán rẹ̀, ti wà lórí àtẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 1977; ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ni fíìmù jáde. Àkọsílẹ̀ eré tí wọn kò tíì gé kúrú ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí Luke fi bá Biggs, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jíròrò nínú ìwé, ní ayé aṣálẹ̀ Tatooine, nípa fífi ilé sílẹ̀ láti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n yọ ìran yẹn kúrò nínú fíìmù. Nínú fíìmù, Biggs kàn yọjú lápá ìparí ni, ó sì kú sógun. Ikú náà kò lè dun ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òǹkàwé ìwé 30 sẹ́ǹtì mọ ẹni tó kú.

Ti Jabba tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran tí òun àti Han Solo ti pàdé wà nínú ìwé, kò sí nínú fíìmù 1977, òǹwòran kò sì rí ojú rẹ̀ títí di 1983. Kò sí Jabba kankan nílẹ̀ tí Chaykin lè ṣì yà. Nígbà tí wọ́n dá ìran náà padà sínú fíìmù ní 1997, Jabba tuntun ni wọ́n fi sí i, bí ẹni pé òun ló ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ wá.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn mọ ìṣòro yìí. Bí apàlọ́ méjì bá pa àlọ́ ìjàpá kan náà lọ́nà méjì, a kì í wá ẹni tó ṣì í pa. Ohun tó fa ìyàtọ̀ là ń wá. Lucasfilm ti ilẹ̀kùn ìbéèrè yẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, nígbà tó kéde pé irú àwọn ìtàn àtijọ́ wọ̀nyí ti di “Legends”, wọn kì í ṣe ara ìtàn gidi mọ́.

A kò sọ pé gbogbo ẹ̀dà 107 náà ló dára. Ìkánjú hàn nínú àwòrán Chaykin. Ojú tí Carmine Infantino yà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì jọ ti àwọn òṣèré. (Ehoro yẹn gan-an, ká má tan ara wa, kò jinlẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀dà keje, níbi tí ìtàn fíìmù ti tán, tí òǹkọ̀wé sì ní láti dá ọ̀nà tirẹ̀ là. Wọ́n ti ja Han àti Chewbacca lólè, owó ẹ̀bùn wọn ti lọ. Wọ́n wá gba iṣẹ́ láti sin òkú ẹnì kan tí ara rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ irin, ààbọ̀ ẹran, èyí tí àwọn ará ìlú kọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ itẹ́ òkú àwọn. Ta ni ènìyàn? Fíìmù 1977 kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé ọtí, nígbà tí ọlọ́tí lé àwọn ẹ̀rọ síta. Ìwé fi ìbọn jà á títí dé ẹnu sàréè.