Ta Ló Fún Gáà Lágbára? Alákòóso, Òǹkọ̀wé àti Orílẹ̀-èdè Tó Ń Dìde Nínú Baṣọ̀run Gáà àti Yorùbá Ronú

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ eré-oníṣe Yorùbá méjì wò: Yorùbá Ronú ti Hubert Ògúndé (1964) àti Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí (1972). A ṣàkíyèsí pé bí ìtàn òǹrorò kan tó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ́ni ní Baṣọ̀run Gáà. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé ìwà Gáà nìkan kọ́ ni kókó eré náà. Òfin tó gbé agbára lé e lọ́wọ́ àti ológun tó gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára kókó ọ̀hún. A fi ìrírí Ògúndé lọ́wọ́ ìjọba gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀, a sì dá àbá fún àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la.

Ìfáárà

Lọ́dọọdún tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní Baṣọ̀run Gáà, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló jẹ̀bi? Gbogbo kíláàsì á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Gáà ni. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló fún Gáà lágbára tó fi ń pa ọba?" Mo fún un ní ìdáhùn tó wà nínú ìwé tí mo fi máa ń kọ́ wọn, pé oògùn àti ìwà ìkà ló fi gbà á. Kò bá mi jiyàn, ó jókòó. Èmi gan-an ni ìdáhùn yẹn kò tẹ́ lọ́rùn. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń sọ nínú iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè rẹ̀ kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìdánwò. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Mali ní 2020, ní Burkina Faso ní 2022 àti ní Niger ní 2023, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló tú síta láti yọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, nígbà ìwọ́de lórí ebi àti ìṣèjọba, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé àsíá Rọ́ṣíà ní Kano àti Kaduna. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń jókòó síwájú wa ní kíláàsì. Bí a bá kọ́ wọn pé kí òǹrorò ṣáà ti ṣubú ni òpin ìyà, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú wà lára ìṣòro náà.

Àkókò tí ìtàn náà bọ́ sí

Àwọn òpìtàn fi àkókò Gáà nípò Baṣọ̀run sí 1754 sí 1774. Ọdún méjì lẹ́yìn tó ṣubú, Amẹ́ríkà kéde pé òun kò sí lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ní 1789, ọdún tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ní Aláàfin Abíọ́dún wàjà, ni àwọn ará ilẹ̀ Faransé dìde sí ọba tiwọn. Ní 1804, àwọn tó ti jẹ́ ẹrú kéde òmìnira Haiti. Ọdún yẹn kan náà ni Shehu Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jìhádì tó gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ọba Hausa. Jìhádì yẹn ló sọ Malam Musa di aláṣẹ ní Zazzau, ilẹ̀ tí a ti ń ṣe àpérò yìí.

Nítorí náà, ara ìgbà tí gbogbo ayé ń bi ọba ní ìbéèrè ni ìtàn Ọ̀yọ́ wà. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ní ìhà ibí, òǹkọ̀wé ni àwọn aṣíwájú fúnra wọn: Shehu kọ̀wé, Abdullahi àbúrò rẹ̀ kọ̀wé, Muhammad Bello ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti Nana Asma'u ọmọ rẹ̀ obìnrin náà kọ̀wé. Ẹni tó gbàjọba ló kọ ìdí tó fi gbà á. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ló fi ẹnu pa ìtàn mọ́. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn tirẹ̀ ní 1897, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Nígbà tí Fálétí fi máa gbé Gáà sórí ìtàgé, nǹkan bí igba ọdún ti kọjá. Òǹkọ̀wé Yorùbá wá di ẹni tó ń bi òkú ọba ní ìbéèrè kí alààyè lè gbọ́.

Agbára tí òfin gbé léni lọ́wọ́

Gáà kì í ṣe àlejò tó já wọ Ọ̀yọ́. Olórí Ọ̀yọ́ Mèsì ni, àwọn ìjòyè méje tó ń yan Aláàfin: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìnni, Lágùnnà, Akínnikú àti Aṣípa. Àṣà ilẹ̀ ló fún Baṣọ̀run ní àṣẹ láti sọ fún Aláàfin tó bá ṣi agbára lò pé ìlú kọ̀ ọ́, kí ọba náà sì sùn. Ìjánu tí àwọn baba wa fi sí ọba lẹ́nu nìyẹn. Ọgbọ́n ńlá ni; ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé ìgbà náà ni kò ní irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó di ìjánu mú, ta ló ń kó o níjàánu? Ẹgbẹ́ Ògbóni ló yẹ kó ṣe é. Nígbà tí Gáà fi máa gùn ún tán, ẹ̀rù ti ba gbogbo ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Aláàfin mẹ́rin, Lábísí, Awónbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé, ló jẹ tẹ̀ léra wọn lójú ayé rẹ̀, òun náà ló sì rán wọn lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tú ká sí ìlú tó ń sìn, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ààfin. Àṣẹ tí a fi lé e lọ́wọ́ fún ààbò ìlú ló fi ń jẹ ìlú run. Oògùn tó wà nínú eré náà kò ṣàlàyé èyí, àfi bí a bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ọdẹ orí ìtàgé nìkan ló ń bẹ̀rù aláṣẹ.

Ibi tí mo ti bá Fálétí jiyàn díẹ̀ ni ibi tí ìtàn ti yí padà. Gáà ní òun fẹ́ fi àgbọ̀nyín rúbọ. A kò rí ẹran náà, ó sì mú Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún, dípò rẹ̀. Ikú ọmọ yìí ló mú ọ̀rọ̀ dé góńgó. Kò sí òbí tó wò ó tí omijé kò ní bọ́ lójú rẹ̀, òǹkọ̀wé sì mọ ohun tó ń ṣe. Síbẹ̀, ọmọ tálákà mélòó ló ti kú kó tó kan ọmọ ọba? Eré náà jẹ́ kó dà bí ẹni pé ìgbà tí iná bá jó dé ààfin ni ilé tó ń jó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: gbogbo Ọ̀yọ́ ni òwe yìí bá wí, Abíọ́dún náà kò sì yọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ta aṣọ ìtàgé

Báwo ni Abíọ́dún ṣe ṣẹ́gun? Ọ̀yálàbí ará Àjàṣẹ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakanfò, ló kó ogun wọ ìlú. A mú Gáà, a pa á, ìlú yọ̀, eré parí. Ìtàn ní tirẹ̀ kò parí síbẹ̀. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún òfin ṣe lọ́jọ́ kejì kí irú Gáà má baà tún dìde. Agbára kan ṣáà kúrò lọ́wọ́ ìjòyè, ó padà sọ́wọ́ ọba, ológun ló sì gbé e. Ilẹ̀ tòrò nígbà Abíọ́dún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà Aólẹ̀ tó jẹ tẹ̀ lé e, ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí ọba ni Àfọ̀njá ní Ìlọrin, òun náà Ààrẹ Ọ̀nà Kakanfò. Oyè tó gba Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ni oyè tó tú Ọ̀yọ́ ká. Àfọ̀njá pe Àlímì mọ́ra, ìjì jìhádì tó ti gba Zazzau kọjá sì bá ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ ní Ìlọrin.

Yorùbá Ronú: òǹkọ̀wé níwájú alákòóso alààyè

Fálétí fi ìtàn àtijọ́ ṣe ìbòrí. Ògúndé kò dúró de ìbòrí tó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe 1964 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá aláṣẹ fà á. Strike and Hunger tó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti 1945 kó o sí wàhálà lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn ní Jos ní 1946. Ó tún gbé Bread and Bullet kalẹ̀ lórí àwọn awakùsà èédú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Bí ó ṣe bá òyìnbó wí ló ṣe bá ọmọ ìyá rẹ̀ wí nígbà tí òmìnira dé. Ọba tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tó tà á fún ọ̀tá, ni Yorùbá Ronú sọ ìtàn rẹ̀. Ní 1964, lẹ́yìn ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀. Ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ògúndé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì.

Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí bí òfin náà ṣe kúrò. Kì í ṣe ilé-ẹjọ́ ló mú un kúrò, kì í sì í ṣe ilé aṣòfin. Ìbọn oṣù Kìn-ín-ní 1966 ló gbé ìjọba Akíntọ́lá lọ, àwọn ológun tó gorí àlééfà ló sì tú Ògúndé sílẹ̀. Òǹkọ̀wé yọ̀, ó sì tọ́ kó yọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tú u sílẹ̀ ni ọwọ́ tó di orílẹ̀-èdè mú títí di 1979, ogun abẹ́lé sì wà láàárín rẹ̀. Ọ̀yálàbí tún ti dé nìyẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn ogun náà, lábẹ́ ìjọba ológun, ni Baṣọ̀run Gáà jáde ní ìwé. N kò sọ pé ìjọba ológun ni Fálétí ń bá wí. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò lè fi ọgbọ́n ka ìwé náà kí a má rántí ọdún tó jáde.

Ọ̀nà méjèèjì ní iye tó ń náni. Ọ̀rọ̀ Ògúndé ṣe gbangba, wọ́n sì tì í lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Fálétí wọ aṣọ àtijọ́, ó sì di ohun tí a ń kà ní kíláàsì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwa olùkọ́ lè fi í sílẹ̀ nínú aṣọ náà.

Ìbéèrè kan láti ẹnu aládùúgbò

Ẹnì kan wà ní ìhà ibí tó béèrè ohun tí àwọn méjèèjì kò béèrè tààrà. Sa'adu Zungur, akéwì ọmọ Bauchi tó ti gbé tó sì ṣiṣẹ́ ní Zaria, tó kú ní 1958, pe ewì Hausa rẹ̀ kan ní Arewa, Jumhuriya ko Mulukiya: ìjọba olómìnira ni tàbí ìjọba ọba? Ó kìlọ̀ fún àwọn ọba pé àìtún ìwà ṣe ni yóò lé wọn kúrò. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ó béèrè irú ìjọba tí a ó ṣe kí òmìnira tó dé. Ẹni tí yóò gorí oyè nìkan kọ́ ló kà sí.

Ìkádìí àti àbá

Ìdáhùn tí mo jẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn ní gbèsè rèé: òfin ló fún Gáà lágbára, ìbẹ̀rù ló fi sílẹ̀ fún un, ológun ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìtún òfin ṣe. Mo dá àbá mẹ́ta. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà Ọ̀yọ́ Mèsì àti Ògbóni kí wọ́n tó ṣí ojú-ewé kìn-ín-ní eré náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán, kí a ní kí wọ́n kọ ìran kan sí i: ìpàdé ọjọ́ kejì ikú Gáà, níbi tí ìlú ti ń jíròrò òfin tuntun. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Hausa fi Gáà àti ewì Zungur kọ́ni pa pọ̀ nínú yàrá kan, nítorí ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Mo ti dán àbá kejì wò. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí a gbọ́ aago. Ohun tí wọn kò lè fẹnu kò lé lórí ni ẹni tí yóò máa ṣọ́ Kakanfò.