Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Yí Padà, Òfin Ni

Nínú eré Richard III, Shakespeare jẹ́ ká rí bí Richard ṣe ní kí Buckingham máa pe àwọn ọmọ Ọba Edward Kẹrin ní ọmọ àlè, kí adé lè já mọ́ òun lọ́wọ́. Eré náà dáa, àmọ́ ó fo ibi tó le jù. Lọ́dún 1484, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn dòfin. Lọ́dún 1485, Henry Keje fagi lé e, torí ó fẹ́ fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣaya. Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Kí ló pa Shakespeare lẹ́nu mọ́? Ọmọ-ọmọ Henry, Elizabeth Kìíní, ló wà lórí ìtẹ́ nígbà yẹn. Òfin ọdún 1536 ti pe òun náà ní ọmọ àlè.