Ògiri Ló Ń Yan Búrẹ́dì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé búrẹ́dì onígi máa ń fojú wá iná, kì í rí i. Lásìkò tí a bá ń ti páànù wọ inú ààrò, igi ti jó tán, a ti wa ẹyin iná jáde, a ti fi àkísà tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Òkùnkùn ló kù níbẹ̀. Síbẹ̀ búrẹ́dì á wú, á pọ́n, á jinná dénú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ògiri ló ń yan búrẹ́dì. Iná kàn wá kó ooru pamọ́ sínú ògiri ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ògiri náà nípọn. Amọ̀ àti bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, àjà rẹ̀ sì ṣe roboto. Amọ̀ kì í tètè gba ooru, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀; ìdí nìyẹn tí a fi ń dáná sí i fún wákàtí mélòó kan kí a tó gbé búrẹ́dì kankan wọlé. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn, èéfín á kun àjà, á dúdú. Bí ooru bá ti wọ ọ́ lára, dúdú yẹn á jó dànù fúnra rẹ̀, amọ̀ á tún funfun. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní ohunkóhun tó fi ń wọn ooru. Àjà ló ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn á bu fúláwà díẹ̀, á wọ́n ọn sílẹ̀ ààrò. Bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ ti gbóná jù, a ó dúró kó rọlẹ̀. Bó bá rọra pọ́n, ó yá. Mo ti rí ẹ̀rọ ìwọn ooru tó dáa láti ìgbà náà, n kò sì kọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n fúláwà yẹn ni mo ṣì gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí búrẹ́dì gan-an ló ń fi hàn.

Ooru kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kúrò lára ògiri wá bá búrẹ́dì. Ilẹ̀ ààrò fara kan ìdí páànù, ó sì ń fi ooru ránṣẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ń gòkè, èyí tó ti tutù díẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń yí búrẹ́dì po. Àmọ́ èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá ni ìtànṣán tí àjà àti ògiri ń ta, tí kò nílò kí nǹkan fara kan nǹkan. Ọ̀nà yìí kan náà ni ooru oòrùn ń gbà dé ara wa. Ní 1879, Josef Stefan tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna rí i pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ooru láti orí òtútù tó le jù lọ, ìyẹn ìwọ̀n 273 Celsius nísàlẹ̀ òdo, tí ohun kan bá wá gbóná ní ìlọ́po méjì, ìtànṣán rẹ̀ á di ìlọ́po 16. Ẹni tó bá ti yan búrẹ́dì rí ti fojú rí i. Ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín inú lọ́hùn-ún àti ẹnu ààrò ló ń mú kí búrẹ́dì ibì kan pọ́n nígbà tí tibòmíràn ṣì funfun, ó sì di dandan kí a máa pààrọ̀ àyè wọn. Nítorí ìtànṣán yìí náà ni n kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ha páànù tó ti dúdú. Páànù tuntun tó ń dán ń ta ooru padà sí ògiri. Èyí tó dúdú ń gbà á, ó sì ń fún búrẹ́dì ní èèpo tó dáa.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń wù mí jù. Bí páànù bá ti wọlé tán, a ó fi irin pẹlẹbẹ dí ẹnu ààrò, a ó sì fi àpò tútù tẹ etí rẹ̀. Oru omi á kún inú ibẹ̀. Ẹ má fojú kéré oru yẹn. Ènìyàn lè nawọ́ sínú ààrò tó gbóná dé ìwọ̀n 200 Celsius kó tètè yọ ọ́, kó má bó; ṣùgbọ́n oru ìkòkò tó ń hó, tí kò ju 100 lọ, á bó o lójú ẹsẹ̀. Ooru tí omi ń gbà kó tó di oru ju ìlọ́po márùn-ún èyí tó ń gbé e láti òdo dé 100 lọ. Nígbà tí oru náà bá kan ohun tó tutù, á padà di omi, á sì da gbogbo ooru yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Ojú ìyẹ̀fun tí a pò ló ń dà á sí nínú ààrò wa. Ojú náà á rọ̀, kò ní tètè le, búrẹ́dì á sì ráyè wú kí yíìsì tó kú ní nǹkan bí ìwọ̀n 60.

Bí ooru ṣe ń rìn nínú búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ihò afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru dáadáa. Oru omi ló ń bá a gbé e: omi ń di oru ní ẹ̀gbẹ́ ihò tó gbóná, ó ń padà di omi ní ẹ̀gbẹ́ tó tutù, ooru sì ń ti inú ihò kan bọ́ sínú òmíràn títí dé àárín. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá sì wà níbẹ̀, àárín kì í gbóná ju 100 lọ, bó ti wù kí ògiri gbóná tó. Èèpo nìkan ló ń gbẹ, òun nìkan ló ń kọjá 140 tó fi ń pọ́n, tó sì ń ta sánsán. Louis-Camille Maillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé lórí irú pípọ́n yìí ní 1912.

Bí a bá fi ọ̀pá gígùn fa páànù jáde (igi ni ọ̀pá náà, torí irin á gbé ooru wá sọ́wọ́ wa), iṣẹ́ kò tíì parí. Búrẹ́dì ní láti dá ooru tó gbà padà fún afẹ́fẹ́ ìta. A gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú páànù kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oru tó ń jáde lára rẹ̀ á di omi lára páànù, ìdí rẹ̀ á sì rin. Nígbà ọyẹ́, èèpo rẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti ru omi tẹ́lẹ̀, kì í gba tirẹ̀ bọ̀rọ̀. Búrẹ́dì gbígbóná máa ń wu oníbàárà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá dì í sínú náílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, omi á sẹ̀ sí i lára, á sì tètè bu. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i, kó wà lórí àtẹ, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.