Kọ́bọ́ọ̀dù Ń Dán, Òkúta Ò Lórúkọ

Bàbá kan wà ní Abẹ́òkúta tí mo máa ń pè ní Tíṣà, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Èkó pé kí n wá wo kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Wọ́n ní, “Àbúrò, o máa ń ṣe lámèyítọ́ eré àti àwo orin nínú ìwé ìròyìn. Wá ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ igi fún wa.” Mo rẹ́rìn-ín, mo wọkọ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò ní pẹ́ lẹ́nu mi.

Kí n tó sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó yẹ kí n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sínú rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Tíṣà ti ń ṣa òkúta ní agbègbè Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkúta wọ̀nyí kì í ṣe òkúta lásán. Ìkarahun ni, ìgbín òkun ni, akàn ni, tó ti kú tipẹ́tipẹ́, tó sì ti di òkúta. Fọ́síìlì ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Láyé ìgbà tí àwọn ẹ̀dá náà wà láàyè, òkun ló bo ibi tí à ń pè ní Ewékorò lónìí. Àwọn onímọ̀ ní ó ti lé ní mílíọ̀nù 56 ọdún. Ẹ wò ó, ibi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń tu eruku lónìí, ẹja ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rí!

Inú agolo mílíìkì àti páálí bàtà ni Tíṣà ń kó wọn sí, lábẹ́ ibùsùn. Bébà tí wọ́n fà ya láti inú ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n fi ń wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ ọ́ sára bébà náà: ọjọ́ báyìí, ibi báyìí, ìpele òkúta báyìí, lábẹ́ ilẹ̀ pupa, lókè ilẹ̀ dúdú. Èmi náà ti rí àwọn bébà wọ̀nyí rí. Kò wuyì rárá. Ó dà bí ẹrù alágbàfọ̀ tó ń ṣí lọ.

Mo dé pálọ̀, mo rí kọ́bọ́ọ̀dù náà. N kò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ga jù mí lọ. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀, dígí wà lẹ́yìn nínú kí òkúta kan lè dà bí méjì, gílóòbù kéékèèké wà lórí pèpéle kọ̀ọ̀kan. Igi pàdé igi, o ò lè fi abẹ́rẹ́ gún àárín wọn. Fáníìṣì rẹ̀ ń dán bí orí ọmọ tuntun. Tíṣà tẹ iná, gbogbo ẹ̀ tàn yanran. Wọ́n ti to àwọn òkúta náà, ńlá lẹ́yìn, kékeré níwájú, wọ́n sì ti fi òróró pa wọ́n lára kí wọ́n lè máa kọ mànà.

Mo ní, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn bébà yẹn dà?”

Wọ́n ní, “Bébà wo?”

Mo ní, “Èyí tí ẹ fi wé wọn.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ọmọọṣẹ́ káfíńtà ti fi wọ́n nu ọwọ́ nígbà tó ń fi fáníìṣì kun igi.

Lámèyítọ́ tí mo wá ṣe parí síbẹ̀, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo rí sí kọ́bọ́ọ̀dù náà, èsì mi nìyí: wọ́n kàn án fún àlejò, wọn kò kàn án fún òkúta. Ohun tó sọ òkúta wọ̀nyí di nǹkan kì í ṣe dídán wọn. Ọmọ ọlọ́mọ tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀, ta ni yóò bá wa dá orílẹ̀ rẹ̀ mọ̀? Akàn òkúta tí a mọ ìpele tí a ti yọ ọ́ lè sọ bí òkun ṣe wọlé àti bí ó ṣe padà sẹ́yìn. Èyí tí a kò mọ ibi tó ti wá, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni, ẹ̀gbẹ́ fáàsì òdòdó ni ipò rẹ̀.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn fọ́síìlì Ewékorò yìí kan náà. Ohun tó jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ni pé òkúta kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Bákan náà ni ẹja àbùùbùtán ayé àtijọ́ kan tí wọ́n rí ní Ameki, ní ilẹ̀ Ìgbò. Andrews sọ ọ́ lórúkọ ní 1920, ó pè é ní Pappocetus lugardi. London ni àwọn egungun náà wà. Bí kò bá sí ẹni tó kọ “Ameki” sílẹ̀ ni, egungun lásán ni ì bá jẹ́, a kò bá má mọ̀ pé ilẹ̀ wa ló ti wá.

Bí a bá ń ṣe lámèyítọ́, ó yẹ kí a fi iṣẹ́ kan wé òmíràn. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ fi wé ti Tíṣà wà ní Cambridge ní ìlú Òyìnbó. Dókítà kan ló ni wọ́n, John Woodward, tí wọ́n bí ní 1665, tó kú ní 1728. Ọkùnrin yìí kó nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 10,000 jọ, ó sì kàn kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn, igi walnut. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n sì wà ní Sedgwick Museum títí dòní, pẹ̀lú àwọn òkúta náà nínú wọn. Dírọ́ọ̀ ló kún inú wọn, àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí à ń fà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti ilẹ̀kùn wọn, o ò ní rí òkúta kan.

Woodward kò fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ṣeré. Ní 1696, ó tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, ó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà sára gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣà, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i. Nígbà tó ń kú lọ, ó fi owó sílẹ̀ kí Yunifásítì Cambridge gba olùkọ́ kan tí yóò máa tọ́jú òkúta náà, tí yóò sì máa fi wọ́n han ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Ó ní olùkọ́ náà kò gbọdọ̀ ní ìyàwó, kí wàhálà ilé má baà gba ọkàn rẹ̀. Mo sọ èyí ní pálọ̀ Tíṣà, ni Ìyá bá dáhùn láti ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà: “Èmi tí mo sun orí òkúta fún ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Ṣé mo dí i yín lọ́wọ́?” Kò sẹ́ni tó lè fèsì.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn jù. Àlàyé tí Woodward fúnra rẹ̀ ṣe lórí òkúta rẹ̀, àṣìṣe ni. Nínú ìwé tó kọ ní 1695, ó ní Ìkún Omi ayé Nóà ló kó gbogbo ìkarahun wọ inú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta ti pa àlàyé yẹn tì tipẹ́. Àlàyé kú, dírọ́ọ̀ kò kú. Nítorí pé nọ́ńbà àti ìwé àkọsílẹ̀ wà pẹ̀lú òkúta, ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ rárá ṣì lè fa dírọ́ọ̀ jáde kó sì kẹ́kọ̀ọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù gidi nìyẹn o, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ọlọ́jà kò mọ̀ rí.

Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù Woodward kò wá ní àléébù ni? Gbogbo igi ló ń tú èéfín tí ojú kò rí sílẹ̀, èéfín onítọ́ọ̀ bí ti ọtí kíkan. Igi oak ló burú jù nínú wọn. Bí a bá tì í mọ́ ìkarahun nínú, èéfín náà á máa jẹ ìkarahun, ìyẹ̀fun funfun á sì bò ó lára. Ọ̀gbẹ́ni Byne tó kọ nípa rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún rò pé kòkòrò àìrí ló fà á, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àrùn náà di òní. Àwọn òkúta mìíràn tún wà tí wọ́n ní irin àti imí ọjọ́ nínú. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, wọ́n á máa bú, wọ́n á di ẹ̀tù, àsíìdì tó ń jáde lára wọn á sì jẹ bébà àti igi tó wà lábẹ́ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá fi ń lo kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n kun dáadáa lónìí. Ní ilẹ̀ wa tí búrẹ́dì ń bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta lásìkò òjò, ta ló yẹ kó bẹ̀rù ọ̀rinrin tó wa?

Ẹ jẹ́ kí n dá Tíṣà láre níbi tí àre wà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni bébà yẹn fi wà lábẹ́ ibùsùn, ta ló kà á? Láti ìgbà tí mo ti tan iná yìí, ọmọ àdúgbò ò kúrò nílé mi.” Òótọ́ ni. Ojú ló ń kọ́kọ́ jẹun. Ọmọ tí kò bá rí akàn òkúta kò lè béèrè pé báwo ni akàn ṣe dé Ewékorò. Ohun tí a fi pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, òun àti ohun tó sọnù, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí wọ́n fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. A pe káfíńtà padà. Ẹni iyì ni, kò bínú. Mo ní kó fi pèpéle òkè sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, òkúta mẹ́wàá péré, kó yọ dígí, kó sì yọ gílóòbù tó ń gbóná. Kó ṣe dírọ́ọ̀ pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ títí kanlẹ̀, kó sì lo pákó tó nípọn fún ìdí wọn, nítorí òkúta kì í ṣe aṣọ. Dírọ́ọ̀ kan tó kún lè wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Kí páálí kékeré wà fún òkúta kọ̀ọ̀kan, kí bébà rẹ̀ wà nínú páálí náà, kí nọ́ńbà wà lára òkúta gan-an, kí àkọsílẹ̀ kejì sì wà nínú ìwé mìíràn níbòmíràn. Bí ọmọọṣẹ́ kan bá tún fi bébà nuwọ́, ìwé yóò kù.

Èmi àti Tíṣà jókòó di alẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n á gbé òkúta kan, wọ́n á yí i padà, wọ́n á di ojú. “Èyí, ọjọ́ tí òjò pa wá ni.” “Èyí, ọmọkùnrin kan tó ti di lọ́yà báyìí ló rí i.” A kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lè dá mọ̀ kò tó ìdá mẹ́rin gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé akàn kan tó pé gbogbo ẹsẹ̀, èyí tó rẹwà jù nínú wọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n mú bírò, wọ́n fi ọwọ́ tíṣà rẹ́gí yẹn kọ ọ́ sórí bébà tuntun pé: “Ewékorò. Ọjọ́ àti ìpele: mo ti gbàgbé.” Wọ́n fi í sínú páálí, wọ́n ti dírọ́ọ̀ náà.